Irin Tó Bá Irin Mu

Kò sí tẹ́lọ̀ kan ní Akobo, ní Ìbàdàn, láti General Gas títí dé Ojurin, tí kò mọ Singer. Orúkọ náà ń dán lára ẹ̀rọ dúdú tí ìyá wọn tàbí ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ fi sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ rí ni pé ilé iṣẹ́ yìí kan náà ti ṣe ìbọn ìléwọ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń rú bọ̀ wá bá Amẹ́ríkà, ìjọba ní kí Singer ṣe 500 péré nínú ìbọn tí wọ́n ń pè ní 1911, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọwọ́ tó mọ ẹ̀rọ ìránṣọ lè mọ irin ogun. Singer ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa débi pé iṣẹ́ tó tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìjọba gbé fún wọn lẹ́yìn rẹ̀. Remington Rand, tí àwọn akọ̀wé àtijọ́ mọ taipuráítà rẹ̀, ṣe ju 800,000 lọ nínú ìbọn yìí kí ogun tó parí. Union Switch & Signal, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ àmì ojú irin fún rélùwéè, ṣe 55,000.

Irin tí wọ́n gé nílé taipuráítà gbọ́dọ̀ wọ inú irin tí wọ́n gé nílé iṣẹ́ rélùwéè, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún fi fáìlì kàn án. Bí tírígà ìbọn kan bá bàjẹ́ lójú ogun, wọ́n á yọ ti òmíràn sí i, iṣẹ́ á sì máa lọ. Kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín irin kan àti èkejì. Ẹni tó bá mú ìbọn ológun àtijọ́ tó sì mì ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, á gbọ́ bó ṣe ń mì kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Àwọn kan á ní iṣẹ́ jákujàku nìyẹn. Wọn ò wò ó dáadáa. Ẹni tó fi àyè yẹn síbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe: iyanrìn, ẹrẹ̀ àti èéfín ẹ̀tù gbọ́dọ̀ rí ibi gbà kọjá kí ìbọn má baà há mọ́ jagunjagun lọ́wọ́.

Àyè yẹn kan náà ló wá di ìṣòro fún ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, tó kàn fẹ́ fi ìbọn ta àmì lórí ìwé. Ìdí nìyí tí yíyan irú ìbọn yìí fi jẹ́ iṣẹ́ ojú àti iṣẹ́ ọwọ́, tí mo sì fi ka àwọn tó mọ̀ ọ́n yàn àti àwọn tó mọ̀ ọ́n tò sí oníṣẹ́ ọnà.

John Moses Browning ló ronú kan 1911. Wọ́n bí i ní Ogden, ní Utah, lọ́dún 1855. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni bàbá rẹ̀, Jonathan, ṣọ́ọ̀bù bàbá náà sì ni ọmọ ti mọ irin. Àwa tí a mọ agboolé alágbẹ̀dẹ kò ní ṣàì mọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: ọmọ á ti máa fín ewìrì kí wọ́n tó fún un lọ́mọ owú, ojú rẹ̀ á ti gba iṣẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn náà nígbà tí wọ́n bá yìn ín. Irin gígùn tó wà lókè, tí mo máa pè ní ìbòrí, ló bo ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde. Àwọn eyín irin tó wà lórí ọ̀pá wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú ìbòrí, wọ́n sì di ara wọn mú ṣinṣin. Bí ọta ṣe ń sáré lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni agbára kan náà ń ti àwọn méjèèjì sẹ́yìn. Wọ́n á jọ rìn díẹ̀, kìkì ìwọ̀n ìgbà tí ọta á fi kúrò lẹ́nu ìbọn. Nígbà náà ni irin pélébé kan tó wà lábẹ́ ọ̀pá, tí kò tóbi ju èékánná lọ, á fa ìdí ọ̀pá náà wálẹ̀. Eyín á yọ nínú ihò, ìbòrí á máa dá lọ sẹ́yìn, á ju èèpo ọta síta, á sì tẹ òòlù kékeré tó wà lẹ́yìn wálẹ̀. Sípíríǹgì á wá dá a padà. Bó ṣe ń bọ̀, á gba ọta tuntun lórí àpò tó gba méje, ọ̀pá á tún gbérí, eyín á tún wọ ihò. Ẹni tó fa tírígà kò tíì ṣẹ́jú tán.

Ibi tí ọkàn mi máa ń dúró sí ni ìpadàbọ̀ ọ̀pá náà. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yìn ín ló ń kúrò ní àyè rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Irin ìfojúsùn kò sì sí lára ọ̀pá, orí ìbòrí ló wà. Bí ọ̀pá bá padà tó fi ìwọ̀n irun orí yà kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ohun tí ojú ń wò àti ibi tí ọta ń lọ ti pínyà nìyẹn, ẹni tó yìn ín ì báà dúró bí igi ìrókò. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ohunkóhun mìíràn wò lára 1911 tó fẹ́ fi ta àmì, kó yẹ ibi tí ọ̀pá àti ìbòrí ti pàdé wò.

Ní oṣù kẹta ọdún 1911 ni wọ́n gbé ìbọn Browning àti ti ilé iṣẹ́ Savage síwájú ìgbìmọ̀ ológun Amẹ́ríkà. 6,000 ọta ni wọ́n yìn láti inú ẹyọ ìbọn kan. Bó bá gbóná jù, wọ́n á rì í bọ omi, wọ́n á tún máa bá a lọ. Ti Savage kọṣẹ́ lóríṣiríṣi. Ti Browning kò kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn ni wọ́n gbà á, ó sì di ọdún 1985 kí wọ́n tó yan òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní 1926 wọ́n ti tún àwọn ibì kan ṣe lára rẹ̀: wọ́n gé tírígà kúrú, wọ́n fá irin ẹ̀yìn tírígà kí ìka lè débẹ̀, wọ́n sì mú kí ẹ̀yìn ìdí ìbọn yọ ìkùn díẹ̀ kó lè kún àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó bá ń yan ìbọn lónìí ṣì gbọ́dọ̀ mú nínú ti 1911 tàbí ti 1926 yìí, nítorí ọwọ́ kò dọ́gba.

Ní Akobo tiwa, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ará ìlú ti lè lọ yan irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wà nínú ọ̀kan, ìbọn ọdẹ òyìnbó àti ìbọn atẹ́gùn wà nínú èkejì. Àárín ìbọn arọ̀jò-ọta àti bọ́ǹbù ni wọ́n to ìbọn ìléwọ́ sí, nínú ọ̀wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i. Mo fara mọ́ òfin yẹn pátápátá. Àwọn tó ń yìn ín lágbègbè wa ni ológun, tí wọ́n wà ní ọgbà Adékúnlé Fájuyì ní Odogbo. Ọ̀gágun tó gba àmì-ẹ̀yẹ Military Cross nítorí iṣẹ́ tó ṣe ní Congo ni Fájuyì. Àwọn ológun ní ìdíje tiwọn náà, tí wọ́n ń pè ní Nigerian Army Small Arms Championship, níbi tí wọ́n ti ń fi oríṣiríṣi ìbọn ta àmì.

Ìbọn ìléwọ́ tí àwọn ọ̀gá ológun wa fi sí ìbàdí fún ọ̀pọ̀ ọdún, Browning Hi-Power, àbúrò 1911 ni. Browning ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó kú ní Belgium ní 1926. Dieudonné Saive, ọmọ Belgium, ló parí rẹ̀, ó sì jáde ní 1935, ọta 9mm mẹ́tàlá ni àpò rẹ̀ gbà. Saive yìí náà ló ṣe FAL, ìbọn gígùn tí ọmọ ogun Nàìjíríà gbé kọ́ èjìká fún ìgbà pípẹ́, tí ilé iṣẹ́ DICON tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964 ní Kaduna náà sì ṣe. Àwọn bàbá tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ládùúgbò wa mọ ọwọ́ oníṣẹ́ yìí, bí wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ìbàdàn sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa yíyan ìbọn tipẹ́. Nígbà ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó bá àwọn ará ilé wọn wá ìbọn òyìnbó tí wọ́n ń ti ọta bọ̀ láti ìdí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń fi ọ̀pá rọ ẹ̀tù sẹ́nu ṣakabùlà. Akin kò tán ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rọ ẹ̀tù lọ́wọ́ kò lè yìn.

Àbúrò mi tó ń gbé ní Houston, ní Texas, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ni ọ̀rọ̀ yíyan yìí kàn. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ní ìwé ìgbélùú tó yè kooro lè ra ìbọn ìléwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó ní àṣẹ, lẹ́yìn tó bá ti kọ ohun tí ìjọba ní kó kọ, tí wọ́n sì ti yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Eré tó ń fi ṣe ni wọ́n ń pè ní bullseye. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń di ìbọn mú, ọwọ́ kejì á wà ní ìbàdí tàbí nínú àpò. Àyíká ààrin tó ń fúnni ní máàkì mẹ́wàá kò fẹ̀ ju 3.36 íǹṣì lọ. Ní 50 yáàdì, ọta mẹ́wàá ni wọ́n máa ń yìn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n á wá sún mọ́ ọn dé 25 yáàdì, wọ́n á yìn márùn-ún láàárín ogún ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i; lẹ́yìn náà, márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mejì. Ìdíje tó pé pérépéré jẹ́ 2,700 máàkì: 900 fún ìbọn .22, 900 fún ìbọn tó ju ìyẹn lọ, 900 fún .45, ìyẹn ìwọ̀n ọta 1911. Láti 1907 ni wọ́n ti ń pàdé ní Camp Perry, ní etí adágún Erie ní Ohio, fún ìdíje ìbọn tó gbajúmọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè wọn.

3.36 íǹṣì ní 50 yáàdì: ìbọn ológun tó ń mì kẹ̀kẹ̀kẹ̀ kò lè kó gbogbo ọta rẹ̀ síbẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n dè é mọ́ òpó. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ kan fi wà tó jẹ́ pé títò irin mọ́ irin ni wọ́n ń jẹ. Ológun Amẹ́ríkà ní ẹ̀ka kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956 fún ọ̀rọ̀ àmì títa yìí, àwọn oníṣẹ́ irin inú ẹ̀ka náà sì ló sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà yìí di iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ara wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ wọn àti ti Remington Rand ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín aṣọ tí wọ́n rán sílẹ̀ dè oníbàárà àti èyí tí tẹ́lọ̀ fi okùn wọn èjìká rẹ kó tó gbé sísọ́ọ̀sì. Méjèèjì ló bo ara, ọ̀kan ló mọ ara.

Mo wo irú iṣẹ́ yìí pẹ́ lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù tí àbúrò mi mú mi lọ. Oníṣẹ́ náà á rọra fi òòlù lu ojú irin tí ìbòrí ń rìn lórí rẹ̀, kó lè fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ló máa fi fáìlì gé e padà, kí ìbòrí tó lè wọ̀ ọ́. Á fi ìyẹ̀fun tó ń ha irin pọ̀ mọ́ òróró, á máa ti ìbòrí lọ, á máa fà á bọ̀, á nù ún, á wò ó lójú iná, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò kánjú. Nígbà tó parí, ó gbé ìbọn tí kò ní sípíríǹgì nínú dúró ní òòró: ìbòrí fúnra rẹ̀ rọra yọ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni pé òróró ló ń ṣàn. Síbẹ̀, nígbà tó fi ọwọ́ méjèèjì gbìyànjú láti mì í sọ́tùn-ún sósì, kò mì. Mo ti rí àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ tó ń wo ojú irin pẹ̀lú irú sùúrù bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tó ná wọn.

Bọ́ṣìn tó wà lẹ́nu ìbọn, tó ń di orí ọ̀pá mú, náà ní ìtàn tirẹ̀. Nínú ìbọn ológun, ìka lásán ni wọ́n fi ń yí i kúrò. Nínú èyí tí wọ́n tò fún àmì, irin ìyíbọ́ọ̀tì kékeré ló ń ṣí i. Ìdí ọ̀pá ni wọ́n máa ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe jù: wọ́n á ra ọ̀pá tí irin rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ìbòrí lè gbà lọ, oníṣẹ́ á wá máa dín in díẹ̀díẹ̀, títí á fi jókòó láìsí àyè, tó sì tún lè gbéra láìsí pé ó há.

Nígbà tí àbúrò mi ń yan tirẹ̀, mo kíyè sí ètò ojú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ó yọ àpò ọta, ó fa ìbòrí sẹ́yìn, ó wo inú, ó ti ìka bọ inú ihò ọ̀pá kó lè dá a lójú pé kò sí ọta níbẹ̀, ó sì dojú ìbọn kọ ibi tí kò sí èèyàn. Gbogbo èyí ló ṣe kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa iye owó. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí ìbòrí padà, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ìdí ọ̀pá ti hàn lókè. Nínú ọ̀kan tó ń dán gbinrin, ọ̀pá náà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e padà. Nínú èkejì, tó ti lo ọdún díẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí àwọ̀ dúdú rẹ̀ ti ṣí létí, ọ̀pá kò yẹsẹ̀. Ó gbé ìyẹn dání pẹ́.

Ó kan tírígà. Ti 1911 kì í yí lórí ìdè bí ọ̀pọ̀ ìbọn mìíràn, ṣe ló ń wọlé gbọọrọ sẹ́yìn, nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un. Ohun tí ẹni tó ń ta àmì ń wá níbẹ̀ ni pé kí ìka má mọ ìgbà tí yóò já. Kò gbọdọ̀ wọ́, kò gbọdọ̀ ha, kò gbọdọ̀ tún máa sá lọ lẹ́yìn tó bá ti já. Òfin ìdíje ní kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju 3.5 pọ́ùn lọ fún .45, ìyẹn kìló kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Mo ti gbọ́ káwọn èèyàn máa yin ìbọn tí tírígà rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, èyí tó já geere ní ìwọ̀n òfin ló fi ọwọ́ oníṣẹ́ hàn jù. Àbúrò mi gba àyè tírígà lọ́wọ́ ọlọ́jà, ó dojú kọ ògiri, ó sì ń wo irin ìfojúsùn iwájú bóyá ó máa fò nígbà tí òòlù bá balẹ̀. Kò fò.

Fífún irin mọ́ra ní òpin tirẹ̀. Ọta àwọn tó ń ta àmì fúyẹ́ ju ti ológun lọ, agbára rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ìbọn bá fún jù tí sípíríǹgì rẹ̀ sì le, ìbòrí kò ní lọ dópin, èèpo ọta á há sẹ́nu ọ̀nà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá á sì ti lọ. Ohun tí Browning fi àyè sílẹ̀ fún, oníṣẹ́ àmì kò lè gbà á tán. Ibi tí ó yẹ kó dúró, orúkọ ilé iṣẹ́ kò lè sọ ọ́ fúnni. Àwọn 1911 tí wọ́n ń ṣe ní Philippines àti ní Tọ́kì kò wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ta àmì dáadáa ní 25 yáàdì. Colt ti ń ṣe Gold Cup fún àwọn alámì láti 1957, pẹ̀lú irin ìfojúsùn tó ṣeé yí. Ohun tó ń gbé owó lé wọn lórí ni wákàtí tí ènìyàn fi dúró tì wọ́n pẹ̀lú fáìlì.

Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí yẹn ló rà. Ọwọ́ rẹ̀ kéré, torí náà ó pààrọ̀ tírígà gígùn tó wà nínú rẹ̀ sí kúkúrú, ó sì fi irin tó tẹ́ rọ́pò èyí tó yọ ìkùn lẹ́yìn ìdí rẹ̀. Ìka rẹ̀ wá dé ibi tó yẹ kó dé láìsí pé ọrùn ọwọ́ yí. Síbẹ̀, ìbọn .22 ló fi ń ṣe ìdánrawò jù, nítorí ọta rẹ̀ kò wọ́n, kò sì ń jẹ́ kí ọwọ́ kọ́ láti máa bẹ̀rù ìró. Èmi náà á sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún pé kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. .45 náà ń dúró de apá ìkẹyìn ìdíje, nígbà tí apá ti gbóná. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó fẹ́ gbé tọ oníṣẹ́ lọ ni irin ìfojúsùn iwájú: ó ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọta rẹ̀ sì ń kó ara jọ sí abẹ́ ààrin ní 50 yáàdì. Fáìlì díẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ yìn, wọ́n á tún gé díẹ̀, títí wọ́n á fi gòkè dé ààrin.